Eku Mélòó Ni John Muir Lé?

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá lé eku méjì yóò pòfo. Bí a bá fi òwe yìí wọn ìgbésí ayé John Muir, ọmọ Skọ́tíláǹdì tó di ará Amẹ́ríkà, ó yẹ kó pòfo lọ́nà mẹ́wàá, nítorí iṣẹ́ tó dáwọ́ lé pọ̀, kò sì pẹ́ nídìí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àmọ́ kí a tó fi òwe dá ẹnìkan lẹ́bi, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo eku tó ń lé.

Dunbar, ìlú etí òkun, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1838. Kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí bàbá rẹ̀ mú un rékọjá òkun lọ sí Wisconsin lọ́dún 1849. Iṣẹ́ oko ló kọ́kọ́ ṣe, iṣẹ́ àṣelàágùn sì ni, torí bàbá náà le. Nígbà tí oko wọn kejì kò lómi, John ni wọ́n ní kó gbẹ́ kànga. Òòlù àti irin ló fi ń fọ́ òkúta láti àárọ̀ dalẹ́, títí kànga náà fi jìn tó 90 ẹsẹ̀ bàtà. Afẹ́fẹ́ burúkú tó kóra jọ sísàlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á níbẹ̀. Wọ́n fà á jáde, ara rẹ̀ yá, wọ́n tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìdájí nìkan ló jẹ́ tirẹ̀: ó fi igi ṣe aago, ó sì ṣe ibùsùn tó ń gbé ẹni tó sùn lé e dìde bí àkókò jíjí bá tó. Ó kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi àfihàn ìpínlẹ̀ ní Madison lọ́dún 1860, ẹnu sì ya àwọn èèyàn. Ó wọ yunifásítì ìlú náà, ó fi í sílẹ̀ lọ́dún 1863 láìgboyè.

Ní Kánádà, ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fi igi ṣe ọwọ́ ìgbálẹ̀ àti réèkì, títí iná fi jó ilé iṣẹ́ náà lọ́dún 1866. Ó bá tún lọ sí Indianapolis, sílé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin. Bó bá jẹ́ ẹni tí í jókòó sójú kan ni, ibẹ̀ ni ì bá dúró sí, torí ọwọ́ rẹ̀ mọ ẹ̀rọ gan-an. Ṣùgbọ́n lóṣù Kẹta 1867, irin ṣóńṣó tó fi ń tú okùn bẹ́líìtì ẹ̀rọ yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gún un lójú ọ̀tún. Kò pẹ́ tí ojú òsì náà ṣókùnkùn. Ó lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú yàrá tí wọ́n dí fèrèsé rẹ̀. Nígbà tó ríran padà, ó kẹ̀yìn sí ẹ̀rọ. Ó fẹsẹ̀ rìn láti Kentucky dé Florida, nǹkan bí 1,000 máìlì, ó ń já ewé, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, títí ibà fi dá a dùbúlẹ̀ ní Cedar Key. Ó gba Kúbà kọjá, ó sì gúnlẹ̀ sí San Francisco lóṣù Kẹta 1868.

Ọ̀jáfáfá onímọ̀ ẹ̀rọ wá di alágbàṣe: ó kórè, ó tu ẹṣin lójú, ó rẹ́ irun àgùntàn, ó sì di darandaran. Ẹni tó fẹ́ràn òwe eku méjì á mi orí níbí. Àwọn àgbà kan náà ló sì ní bí a kò bá rìn jìnnà, a kì í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àgùntàn ló mú Muir rìn jìnnà. Lẹ́ẹ̀rùn 1869 ó bá wọn da agbo ńlá gòkè lọ sí pápá Tuolumne, ó sì fojú ara rẹ̀ rí bí àgùntàn náà ṣe ń jẹ pápá kanlẹ̀. Eéṣú ẹlẹ́sẹ̀ pátákò ló pè wọ́n. Ẹ̀sùn náà wúwo lẹ́nu rẹ̀, torí òun alára ti jẹ owó darandaran.

Lẹ́yìn èyí ó ń la pákó ní àfonífojì Yosemite ní California, igi tó ti wó ló ń là. Bọ́wọ́ bá dilẹ̀, a gòkè. Ó rí ìlà tí nǹkan ti ha sára àpáta, ó ní yìnyín tó ń wọ́ bí odò ló gbẹ́ àfonífojì náà. Josiah Whitney, ọ̀gá àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní California, kò gbà; ó ní ilẹ̀ ló rì, pé kí ni darandaran mọ̀. Darandaran ni lóòótọ́. Ẹsẹ̀ darandaran ló gbé e débi tí ìlà wọ̀nyẹn wà. Ìmọ̀ ìgbẹ̀yìn gbè é lẹ́yìn.

Lọ́dún 1880 ó fẹ́ Louie Strentzel, ó sì fìdí kalẹ̀ nídìí oko àjàrà àti píà ní Martinez. Owó wọlé, ara rẹ̀ ń joro. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ̀wé sí i lọ́dún 1888 pé oko tó bá fẹ́ jẹ ayé èèyàn yẹ ní jíjù nù. Wọ́n ta lára ilẹ̀ náà, Muir padà sí òkè àti sídìí gègé. Ohun tó kọ wà lára ohun tó mú kí Yosemite di igbó ọba lọ́dún 1890. Lọ́dún 1892 wọ́n dá Sierra Club, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo igbó àti òkè, sílẹ̀, òun sì ni ààrẹ. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ìyìn kò gbọdọ̀ bò: àwọn Ahwahneechee ló ni àfonífojì náà kí àwọn ológun tó lé wọn lọ́dún 1851, ẹ̀gàn sì wà nínú ohun tí Muir kọ nípa àwọn ọmọ onílẹ̀ láwọn ibì kan.

Eku tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni Hetch Hetchy, àfonífojì tí San Francisco fẹ́ fi omi bò mọ́lẹ̀ kí ìlú lè rí omi mu. Ó jà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba sì buwọ́ lu ìsédò náà lóṣù Kejìlá 1913. Òtútù àyà pa á ní Los Angeles ní 24 Oṣù Kejìlá 1914. Òun ṣì ni ààrẹ Sierra Club lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ọdún méjìlélógún lórí ipò.