Kí Àwọn Ayàwòrán Má Ṣe Fi Iná Pa Ilà Ojú Àgbà Rẹ́

Ojú l'ọ̀rọ̀ wà, ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá, àwòrán ojú wà lára ògiri, ọ̀rọ̀ inú ojú náà ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Bàbá àgbà jókòó lórí àga, ó wọ agbádá, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó sì kọjú sí kámẹ́rà gan-an. Gbogbo ẹni tí ó mọ̀ ọ́n nígbà ayé rẹ̀ ni ó mọ̀ pé gọ̀ǹbọ́ ni ó kọ, àti pé ilà náà jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ọwọ́ máa ń fi ìka tọ ipa rẹ̀ nígbà tí ó bá gbé e. Síbẹ̀, bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá dúró níwájú àwòrán náà lónìí, kò ní rí ilà kan ṣoṣo. Ojú náà tẹ́jú, ó sì ń dán bí àwo tánganran. Ta ni ó pa ilà bàbá rẹ́? Iná kámẹ́rà tí ó kọ lù ú láti iwájú ni.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ọ̀ràn eré, nítorí pé ilà kíkọ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ti dẹ́kun àṣà náà kí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tó ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní ọdún 2003, èyí tí ó kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni kọ ilà tàbí fín ara fún ọmọdé. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi sunkún nítorí òfin náà, torí pé abẹ olóòlà kò bi ọmọ léèrè kí ó tó kàn án lójú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé àwọn tí ilà wà lójú wọn ń darúgbó lọ, wọ́n sì ń kú lọ. Samuel Johnson ti to orúkọ àwọn ilà náà lẹ́sẹẹsẹ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Orúkọ kò ní sọnù mọ́. Ojú gan-an ni ó ń lọ, fọ́tò nìkan ni yóò sì máa jẹ́rìí sí i fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ẹlẹ́rìí náà bá wá jẹ́ ẹni tí kò rí ohunkóhun, ẹjọ́ di èyí tí kò ṣeé dá.

Ẹni tí ó bá ti ṣe oko rí yóò tètè mọ ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe. Bí ènìyàn bá dúró sí ẹ̀bá oko iṣu ní ọ̀sán gangan, tí oòrùn wà ní àtàrí, gbogbo ebè ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ilẹ̀ pẹrẹsẹ lójú rẹ̀. Kí onítọ̀hún padà síbẹ̀ ní kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá fi ẹ̀gbẹ́ tàn. Ebè kọ̀ọ̀kan yóò ní ìhà tí ó mọ́lẹ̀ àti ìhà tí ó ṣókùnkùn, yóò sì lè kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láìṣì kà. Ebè kò pọ̀ sí i, wọn kò sì ga sí i. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbà wá ni ó yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ojú ènìyàn rí.

Iná kékeré tí ó wà lára kámẹ́rà tàbí lẹ́yìn fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ojú kan náà pẹ̀lú awò tí kámẹ́rà fi ń ríran. Ibi tí awò ń wò ni iná náà ń tàn sí, nítorí náà òjìji tí ilà ìbá dá á bọ́ sí ibi tí awò kò lè rí. Iná róbótó tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ya àwòrán nísinsìnyí, èyí tí awò máa ń wà ní àárín rẹ̀, tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ọ̀tún, òsì, òkè àti ìsàlẹ̀ ni ó ti ń tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dára fún ọmọge tí ó fẹ́ kí irorẹ́ ojú rẹ̀ fara pamọ́. Ọ̀nà kan náà tí ó fi ń bo irorẹ́ ọmọge ni ó fi ń bo ilà ìyá àgbà.

Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá ni oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ilà kì í ti í ṣe oríṣi kan ṣoṣo, ìmọ́lẹ̀ tí yóò fi wọ́n hàn kò lè jẹ́ oríṣi kan. Òjìji a máa wà nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá dábùú kòtò. Bí ó bá ń bá kòtò náà lọ ní gbọọrọ, gbogbo inú rẹ̀ ni yóò mọ́lẹ̀, kò sì ní hàn sí ẹni tí ń wò ó. Pélé jẹ́ ilà mẹ́ta kúkúrú tí ó dúró ní òòró ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, tí ó sì wà ní ọ̀gangan ojú, ni yóò dábùú rẹ̀. Àbàjà, ní tirẹ̀, ilà ìbú ni, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí fìtílà bá wà ní ẹ̀gbẹ́ ní ọ̀gangan ojú, ńṣe ni yóò máa bá ilà náà rìn. Ó yẹ kí wọ́n gbé e ga, kí ìmọ́lẹ̀ máa dà wá láti òkè ẹ̀gbẹ́. Gọ̀ǹbọ́ a máa ti ẹ̀gbẹ́ orí sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó yí wá sí ìhà ẹnu. Ó ní òòró, ó ní ìbú, agbedeméjì ìmọ́lẹ̀ méjèèjì ni ó sì yẹ ẹ́. Ayàwòrán tí kò kọ́kọ́ wo irú ilà tí ó wà lójú ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀, tí ó kàn tan iná, dà bí olóòlà tí kò bi òbí léèrè irú ilà tí ìdílé wọn ń kọ.

Nísinsìnyí, àwọn àgbà ní àtakò tiwọn, àtakò náà sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní ọdún 1978, Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ti ṣe ìwádìí láàrin àwọn ayàwòrán Ìlá Ọ̀ràngún, kọ àpilẹ̀kọ nípa fọ́tò yíyà ní ilẹ̀ Yorùbá sínú ìwé ìròyìn African Arts. Ó ṣàlàyé bí ó ti jẹ́ àṣà pé kí àgbàlagbà jókòó ní ìdúró ṣinṣin, kí ó wọ aṣọ iyì rẹ̀, kí ó sì kọjú sí kámẹ́rà. Àṣà náà ní ìtumọ̀. Ojú méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn, ìhà kan kò gbọdọ̀ ju ìhà kejì lọ, nítorí pé àwòrán náà ni wọn yóò gbé síwájú nígbà ìsìnkú, òun náà ni wọn yóò sì gbé kọ́ sí yàrá àlejò. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá wá gbé fìtílà sí ẹ̀gbẹ́, tí ìhà kejì ojú ṣókùnkùn biribiri, kò sí bí bàbá kò ṣe ní bèèrè pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìdajì ènìyàn ni mo dà lójú rẹ ni?" Ẹni tí ó bá fi ìbéèrè yẹn rẹ́rìn-ín kò mọ ohun tí fọ́tò jẹ́ láàrin Yorùbá.

Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kò pa á láṣẹ pé kí ìdajì ojú wọ òkùnkùn. Bàbá lè jókòó bí ó ti máa ń jókòó, kí ó kọjú síwájú, kí ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni yóò kúrò níwájú lọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n bá gbé àga rẹ̀ sí ẹ̀bá fèrèsé, tí oòrùn kò wọlé tààrà, ìhà kan ojú rẹ̀ yóò mọ́lẹ̀, ìhà kejì yóò sì rọlẹ̀ díẹ̀. Bí ìhà kejì náà bá dúdú jù, kí ọmọ kan na aṣọ funfun sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé yóò kọ lu aṣọ náà, yóò sì padà sójú bàbá. Bí aṣọ náà bá súnmọ́ ọn, òjìji yóò fúyẹ́. Bí ó bá jìnnà, òjìji yóò wúwo. Nígbà náà ni ayàwòrán lè fi ọkàn balẹ̀ dáhùn pé, "Rárá o, Bàbá, odindi ojú yín ni, tilàtilà."

Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé ọ̀nà yìí jẹ́ àjòjì sí Yorùbá kò tíì wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá rẹ̀ dáadáa. Robert Farris Thompson, tí ó wádìí bí àwọn Yorùbá ti ń ṣe lámèyítọ́ ère, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1973, ka dídán mọ́ àwọn ohun tí wọ́n fi ń mọ ère tí ó dára. Gbẹ́nàgbẹ́nà a máa dán ẹ̀rẹ̀kẹ́ ère títí tí ìmọ́lẹ̀ yóò fi máa yọ̀ lórí rẹ̀, a sì tún máa fi abẹ gé ilà tí yóò dá ìmọ́lẹ̀ náà dúró. Bákan náà ni àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ní ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ní òòró láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Bí iná bá kọ lù wọ́n láti iwájú, ilà wọ̀nyí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán. Bí iná bá yí sí ẹ̀gbẹ́, ojú ọba yóò jí pépé. Ẹni tí ó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji jọ ń sọ fún ara wọn.

Àwọ̀ dúdú pàápàá ń fẹ́ irú ìmọ́lẹ̀ yìí. Àwọ̀ funfun a máa fi òjìji sọ bí ó ti rí. Àwọ̀ dúdú a máa fi dídán sọ tirẹ̀. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, dídán náà yóò jókòó lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti lórí iwájú orí, ibi tí ilà bá sì ti gé e ni ojú ẹni tí ń wò ó yóò ti dúró. Rotimi Fani-Kayode, tí wọ́n bí ní Èkó ní ọdún 1955, tí ó sì kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1989, fi irú ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn bẹ́ẹ̀ ya ara ènìyàn dúdú, ayé sì ń wo iṣẹ́ rẹ̀ títí di òní. Nítorí náà, kí wọ́n má ṣe kó páúdà lé ìyá àgbà lójú kí wọ́n tó yà á; òróró díẹ̀ sàn jù. Kí wọ́n sì ṣọ́ra fún kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Ohun tí ó fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ máa ń rò pé gbogbo ohun tí ó wà níwájú òun kò dúdú, kò sì funfun. Bí ojú dúdú bá kún inú àwòrán, yóò sọ ọ́ di eléérú. Ayàwòrán ni yóò dín ìmọ́lẹ̀ náà kù kí àwọ̀ tó padà sí bí Olódùmarè ti dá a.

Ohun tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ń ṣe fún ojú ni ó ń ṣe fún aṣọ. Ọnà àdìrẹ wà nínú aró rẹ̀, kò sí ìmọ́lẹ̀ tí kò lè fi í hàn. Ṣùgbọ́n sányán, ẹtù àti àlàárì, híhun ni iyì wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni ọnà òwú tí wọ́n kó sí àyà agbádá. Òwú tí ó ga ju òwú lọ ni ọnà náà, ìmọ́lẹ̀ iwájú a sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ. Irun dídì náà rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1968 ni J. D. 'Okhai Ojeikere ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà, tí ó sì ń ti ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ orí wò wọ́n, nítorí pé iwájú nìkan kò lè sọ ohun tí onídìrí ṣe.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ yẹ. Níbi ìgbéyàwó, tí ogójì ènìyàn tò sójú kan, ẹni iwájú yóò da òjìji bo ẹni ẹ̀yìn. Fọ́tò ìwé ìrìnnà ń fẹ́ ojú tí ó mọ́lẹ̀ dọ́gba. Ìmọ́lẹ̀ náà a sì máa yí ìṣesí àwòrán padà. Èyí tí ó ti iwájú wá a máa ṣe àjọyọ̀, èyí tí ó ti ẹ̀gbẹ́ wá a máa ronú. Ó ń mú kí àgbà dà bí ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ nínú. Bí ó bá le jù, yóò sọ ìhunjọ ojú ìyá di gegele àti kòtò, yóò sì gbé e kalẹ̀ bí ẹni tí ìyà ń jẹ. Ayàwòrán tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ti ṣàfojúdi, àní bí àwọn àjèjì bá tilẹ̀ ń yìn ín. Ẹni tí ó ni ojú ni kí wọ́n bi léèrè, òun ni kí wọ́n sì kọ́kọ́ fi àwòrán náà hàn.

Ohun tí ó yẹ ni pé kí àwòrán jẹ́ méjì. Kí wọ́n ya ti àṣà, tí yóò wà ní yàrá àlejò. Lẹ́yìn náà, kí àgbà má tíì dìde, kí wọ́n pa iná kámẹ́rà, kí wọ́n yí àga sí fèrèsé, kí wọ́n sì ya èkejì fún àwọn tí wọn kò tíì bí. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, àsìkò rẹ̀ kò sì tó èyí tí wọ́n fi ń wé gèlè. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń gbé fóònù wá sílé ní ọdún tàbí ní Iléyá, tí wọ́n sì ń ya oúnjẹ àti ara wọn. Ìyá tí ó ní pélé jókòó sí ìloro níbẹ̀. Kí ẹnìkan nínú wọn bá a gbé àga rẹ̀ súnmọ́ ìmọ́lẹ̀, kí ó tún bi í léèrè ẹni tí ó kọ ilà náà fún un àti ibi tí wọ́n ti kọ ọ́, kí ó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sẹ́yìn àwòrán náà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.