Ta Ló Ń Yan Iṣẹ́ Fún Bọ́tìnì Mixer Wa?

 

Ọ̀rọ̀ mixer gbọ̀ngàn wa la fẹ́ sọ. Nínú ìpàdé tó kọjá, ìyá kan láti ilé iṣẹ́ oníke dìde láti sọ ti owó tí wọ́n jẹ ẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dá a dúró. Ohùn rẹ̀ kò dé ẹ̀yìn. Ọmọ wa tó jókòó ti ẹ̀rọ yí bọ́tìnì láti gbé e sókè, àṣé ìró tó ń padà dún ló gbé sókè. Gbogbo gbọ̀ngàn ń dún bí inú kànga. Ó yí òmíràn, sípíkà bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Kí wọ́n tó tún un ṣe, ìyá ti jókòó, akọ̀wé kò sì rí nǹkan kan kọ sílẹ̀ nípa owó rẹ̀.

Àwọn kan ní kí á ta ẹ̀rọ náà. Àwọn mìíràn ní kí á lé ọmọ náà. A kò fara mọ́ èyíkéyìí. Ibi iṣẹ́ alẹ́ ló ti wá tààrà, ẹnikẹ́ni kò sì san owó ọkọ̀ fún un, ká má tilẹ̀ sọ pé a kọ́ ọ níṣẹ́.

Mixer àtijọ́, bọ́tìnì kan, iṣẹ́ kan ni. Ní 1973 tí Paul McCartney wá gba orin sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ EMI ní Àpápá, ẹni tó bá di bọ́tìnì mú mọ ohun tó dì mú. Ṣùgbọ́n bí maìkì bá ti ń pọ̀ ni bọ́tìnì ń pọ̀, ẹ̀rọ á sì fẹ̀ bí ibùsùn. Ti kọ̀ǹpútà ló dín in kù. Ẹ wo Behringer X32 tó jáde ní 2012: ó gba maìkì 32, ó sì ní bọ́tìnì yíyí mẹ́rin lọ́tọ̀ tí kò ní iṣẹ́ kan pàtó, iṣẹ́ tí ẹ bá yàn fún wọn ni wọ́n ń ṣe. Ìpele mẹ́ta ló ní, A, B àti C, nítorí náà bọ́tìnì mẹ́rin lè ṣe iṣẹ́ 12. Ojú gíláàsì kékeré ló ń sọ iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn. Irú tiwa náà nìyẹn. Orí B ni wọ́n fi í sí láti ọjọ́ àríyá. Ọmọ wa rò pé A ni.

Ẹ̀yin awakọ̀, ṣé ẹ máa gbà kí búréèkì tí ẹ tẹ̀ ní Òṣòdì di hóònù nígbà tí ẹ bá dé Cele?

Àbá wa nìyí. Lọ́jọ́ ìpàdé, kí bọ́tìnì kìíní jẹ́ maìkì alága, èkejì maìkì ẹni tó bá dìde láàárín èrò, ẹ̀kẹta ti akọ̀wé, ẹ̀kẹrin gbogbo sípíkà. Kí á fún B àti C ní iṣẹ́ kan náà, kí ẹni tó bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ má lè ba nǹkan jẹ́. Kí á tọ́jú ètò yìí sínú ẹ̀rọ, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú fláàṣì lọ́wọ́ akọ̀wé. Ọmọ wa ní òun fẹ́ràn láti fi ọwọ́ ara òun ṣètò tòun, nítorí olórin ni. Ó tọ́, kó máa ṣe é lọ́jọ́ àríyá. Ti ìpàdé, ẹ̀ka ló ni í. Kí á kọ́ èèyàn mẹ́ta, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, kí á sì máa san owó ọkọ̀ wọn.

A ti bá alága sọ ọ́: ìyá náà ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀, lórí bọ́tìnì kejì. Kí akọ̀wé mú bírò rẹ̀ dání.