Ọ̀ṣùká Pẹ̀lú Ọ̀kọ̀

Nínú gbogbo àmì tí àwọn ọmọ ogun rán mọ́ apá ẹ̀wù wọn nígbà ogun Hitila, ọ̀kan wà tí ó yẹ kí ọmọ Yorùbá dúró wò pẹ́: àmì Ẹgbẹ́ Ogun 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nínú èyí tí ọ̀kọ̀ méjì dábùú ara wọn tí wọ́n sì gba inú ọ̀ṣùká kọjá. Kì í ṣe adé, kì í ṣe ẹkùn, bí kò ṣe ọ̀ṣùká, irú èyí tí ìyá arúgbó ń ká sórí kí ó tó gbé ìkòkò omi kúrò lódò. Ẹni tí ó yan àmì náà mọ ohun tí ó ń wí, nítorí pé nínú igbó Bọ́mà, ọ̀kọ̀ kò lè dá nǹkan kan ṣe bí orí tí ń ru ẹrù kò bá sí lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ láti 1945 tí ìbọn ti dákẹ́, ọ̀kọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà, ọ̀ṣùká sì di ohun tí a ń fò dá.

Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Kẹrìnlá tí Ọ̀gágun William Slim darí ní Bọ́mà kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Àwọn ará Íńdíà ni wọ́n pọ̀ jù níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, Gurkha láti Nepal wà níbẹ̀, àwọn ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gámbíà tí iye wọn lé ní 80,000. Èdè wọn kò bára mu, ẹni tí ń kírun sùn ti ẹni tí ń kọrin ìsìn Kírísítì, owó oṣù wọn kò sì dọ́gba, nítorí pé ti adúláwọ̀ kéré púpọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Oyè ọ̀gá pàápàá, 1942 ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í fún adúláwọ̀ kan láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìyẹn Seth Anthony ọmọ Gold Coast, tí òun náà sì jagun dé Bọ́mà. Síbẹ̀ àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Ọ̀rọ̀ ẹrù yìí kì í ṣe òwe lásán ní odò Kaladan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1944, Ẹgbẹ́ Ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí aláǹtakùn jẹ́ àmì tirẹ̀, kọjú sí àfonífojì odò náà ní agbègbè Arakan ní Bọ́mà, níbi tí òkè ti to lé òkè, tí igbó ọparun sì dí pinpin. Kò sí ọ̀nà. Ọkọ́ àti àdá ni àwọn ọmọkùnrin náà fi la ọ̀nà tí ó gùn tó máìlì 75 kí ọkọ̀ jíìpù tó rí ibi gbà, ibi tí ọ̀nà yẹn sì parí sí, orí ènìyàn ló kù. Bàálù ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ láti òfúrufú, ṣùgbọ́n bàálù kì í gbé e gun òkè. Aláàárù ni ó ń wá a rí nínú igbó, tí ó ń gbé e karí, ọrùn rẹ̀ le gan-an lábẹ́ àpótí ọta, ọwọ́ rẹ̀ kan ń di ọparun mú kí ẹrẹ̀ má baà yọ̀ ọ́ ṣubú. Bí ó bá ń padà bọ̀, ẹni tí ó gbọgbẹ́ ni ẹrù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ìbọn lọ́wọ́, ọta àwọn Jàpáàní tí wọ́n ń bá jà kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Àwọn kan ń wí pé aláàárù kì í ṣe jagunjagun. Èrò yìí kò ti ilé Yorùbá wá. Ògún Lákáayé, ọ̀ṣìn imọlẹ̀, tí ó ni ogun, òun náà ni ó fi àdá la ọ̀nà fún àwọn irúnmọlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá sáyé. Àwọn àgbà kò sì ya iṣẹ́ méjèèjì nípa. Wọ́n tún ní ìjà kì í dọlà, orúkọ ní í sọ ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò rí ọlà kankan kó bọ̀ láti Bọ́mà, kí ni yóò kù fún un bí a bá tún fi orúkọ dù ú?

Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí nínú ara rẹ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó wọṣẹ́ ogun ní 1942, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tọ́jú ọgbẹ́ ni wọ́n sì fi í sí. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1944, àwọn Jàpáàní ká wọn mọ́ létí odò Kaladan. Ọta fọ́ egungun itan rẹ̀, òmíràn bá a nínú ikùn. Òun àti David Kagbo ọmọ Sàró ṣẹ́kù sínú igbó. Shuyiman, àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan ní ìtòsí ibẹ̀, ni ó ń gbé oúnjẹ tọ̀ wọ́n wá, tí ó sì fi wọ́n pamọ́, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé bí àwọn Jàpáàní bá gbọ́, ilé òun parun. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n lò bẹ́ẹ̀, kí àwọn Gurkha tó dé ní oṣù Ọ̀pẹ. Ọmọ Ọ̀wọ̀, ọmọ Sàró, àgbẹ̀ Arakan, ará Nepal: nínú gbogbo wọn, ará Nepal nìkan ni ó mú ìbọn wá.

Bí ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ bá ti ń pé, tí Nàìjíríà ń fi òdòdó júbà àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tí ó ti kú, ó tọ́ kí a dárúkọ àwọn aláàárù Kaladan ní gbangba, kí ìwé ìtàn tí àwọn ọmọ ń kà nílé ẹ̀kọ́ sì sọ nípa ọ̀nà tí wọ́n fi àdá là. Fadoyebo ní tirẹ̀ kò dúró de ìjọba kí ó tó san gbèsè tí ó jẹ. Ní 2011, ọdún kan kí ó tó kú, ó kọ lẹ́tà ìdúpẹ́, oníròyìn kan sì gbé e dé Arakan. Shuyiman ti di ará ọ̀run. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n jókòó tí wọ́n gbọ́ ọ.