Adágún Nyos: Ìkìlọ̀ Tí Ayé Kò Gbọ́ Lásìkò

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1986, adágún omi kan tó ń jẹ́ Nyos ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Kamẹrúùnù pa ènìyàn bí 1,700. Iná kò jó wọn, ilé kò wó lù wọ́n, omi kò sì gbé wọn lọ. Orí ẹní làwọn kan kú sí. Ojú ọ̀nà làwọn mìíràn ṣubú sí. Ẹran ọ̀sìn bí 3,500 bá wọn lọ. Àwọn tó yè é ròyìn pé nígbà táwọn lajú, àtùpà ti kú, bẹ́ẹ̀ epo ṣì wà nínú rẹ̀. Eṣinṣin kò kùn lórí òkú ẹran, nítorí eṣinṣin pàápàá ti kú.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìkìlọ̀ ti wá ṣáájú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1984, adágún mìíràn ní Kamẹrúùnù kan náà, Monoun, ti pa ènìyàn 37. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Haraldur Sigurdsson, ọmọ Iceland tó mọ̀ nípa òkè ayọnáyèéfín dunjú, lọ wádìí ohun tó pa wọ́n. Ó rí i pé gáàsì ló kún ìsàlẹ̀ adágún náà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú ewu báyìí, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, lè pa odindi ìlú rẹ́. Ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tó lórúkọ, tó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí, dá a padà fún un. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé gbà gbọ́. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn èyí ni Nyos pa odindi abúlé.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Èrò tèmi ni pé ikú ènìyàn 37 tó láti mú kí ìjọba yẹ gbogbo adágún tó bá wà lẹ́nu òkè ayọnáyèéfín wò. Ẹni tó bá ń ka ìwádìí sí eré ọwọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé, kó wo ohun tí ìwádìí ṣe ní Nyos.

Ẹnu òkè ayọnáyèéfín tó ti sùn ni adágún yìí wà. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, òkúta tí ooru ti yọ́ ń tú gáàsì carbon dioxide jáde, irú èyí tí àwa náà ń mí síta. Gáàsì náà ń gba inú àpáta wọ ìsàlẹ̀ omi. Adágún náà jìn ju 200 mítà lọ, ìwúwo omi tó wà lókè ló sì tẹ gáàsì náà mọ́lẹ̀, tó yọ́ sínú omi, tó ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni kí ẹ rò: bí ìdérí bá ti ṣí, ìfófò á ya jáde. Lálẹ́ ọjọ́ náà, nǹkan kan rú omi ìsàlẹ̀ sókè, gáàsì sì bú jáde. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà kò gòkè. Inú àfonífojì ló gbà, ó lé afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí kúrò, ó sì pa wọ́n títí dé abúlé tó jìnnà tó kìlómítà 25.

Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ní òkè náà ló tú lábẹ́ omi. Àwọn mìíràn, tí George Kling láti Amẹ́ríkà wà lára wọn, ní gáàsì tó ti ń kó jọ ló jáde. Wọ́n pàdé ní Yaoundé lóṣù Kẹta ọdún 1987, wọ́n jiyàn gan-an. Àríyànjiyàn yẹn níye lórí. Bó bá jẹ́ pé òkè ló tú, kí a sá nìkan ló kù. Bó bá jẹ́ gáàsì tó kó jọ, a lè fà á jáde kó tó pani. Wọ́n fi ẹ̀rọ wọn omi ìsàlẹ̀, wọ́n sì rí i pé gáàsì ṣì kù níbẹ̀ rẹpẹtẹ, ó tún ń pọ̀ sí i.

Lọ́dún 2001, ikọ̀ tí Michel Halbwachs, ará Faransé, ṣáájú rẹ̀ sọ páìpù tó gùn ju 200 mítà lọ sínú Nyos. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi fa omi ìsàlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Bí omi náà ṣe ń gòkè ni gáàsì inú rẹ̀ ń yọ, tó ń ti omi mìíràn sókè, débi pé wọ́n pa ẹ̀rọ, omi sì ń tú sókè bí 50 mítà fúnra rẹ̀. Lọ́dún 2011 wọ́n fi páìpù méjì kún un.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún tó wà láàárín: 1986 sí 2001. Wọ́n ti dán páìpù wò ní Nyos lọ́dún 1995, ó sì ṣiṣẹ́. Owó ni kò tètè jáde. Gbogbo àkókò yẹn, àwọn tó yè é wà ní ibùdó tí wọ́n kó wọn lọ, wọn kò lè padà sí ilẹ̀ baba wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Òkúta rírọ̀ tí òkè náà tú sílẹ̀ láyé àtijọ́ ló sé omi Nyos mọ́ lápá kan. Bí ògiri yẹn bá já, odò Katsina-Ala lomi yóò gbà wọ Benue. Lọ́dún 2005, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán àwọn onímọ̀ lọ yẹ̀ ẹ́ wò nítorí ìbẹ̀rù yìí.

Ẹ tún wo Goma ní Kóńgò, níbi tí òkè Nyiragongo ti tú lọ́jọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, tí ènìyàn tó lé ní 30 kú. Ní oṣù mélòó kan ṣáájú, owó ìrànwọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣọ́ òkè náà ti tán, débi pé wọn kò rí owó íntánẹ́ẹ̀tì san láti fi gba ìròyìn láti ara àwọn ẹ̀rọ wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú náà ni adágún Kivu wà, tí gáàsì inú rẹ̀ ju ti Nyos lọ ní ìlọ́po tó lé ní ọgọ́rùn-ún, tí ènìyàn mílíọ̀nù méjì sì ń gbé etí rẹ̀. Rwanda ti ń fa gáàsì methane inú rẹ̀ láti fi ṣe iná mànàmáná. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, àmọ́ ẹni tó ń sọtẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ rí owó iṣẹ́ ṣe.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí ìjọba Nàìjíríà àti ti Kamẹrúùnù jọ ya owó sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àwọn tó ń wọn omi Nyos, tó ń yẹ ògiri rẹ̀ wò. Kí àbájáde rẹ̀ máa dé etí àwọn ará etí odò Katsina-Ala ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé, kí wọ́n mọ ẹni tí yóò kìlọ̀ fún wọn àti ibi gíga tí wọn yóò sá sí. Ọdún tí kò bá sí ikú kankan gan-an ni kí wọ́n má ṣe gé owó náà.