Kí DJ Tó Da Àwo Bàbá Wa Pọ̀

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ọ̀fà bá rí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ nínú yàrá bàbá rẹ̀ lónìí, ọ̀dọ̀ DJ ni ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ. DJ á gbé àwo méjì sórí ẹ̀rọ, á máa ti orí ọ̀kan bọ́ sí èkejì, kọ̀ǹpútà á máa gbà á sílẹ̀. Láàárín kan, á pariwo orúkọ ara rẹ̀ lé orin lórí. Wọ́n á sọ ọ́ di MP3, wọ́n á pín in lórí WhatsApp, àwọn àwo á sì padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ bá eruku. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní àwọn ti tọ́jú orin bàbá àwọn.

Irọ́ ni. Iṣẹ́ DJ ni wọ́n tọ́jú. Orin bàbá wọn ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ooru ń mú un wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́. A kì í ṣe ọ̀tá DJ. Ẹni tó lè fi ọwọ́ mú ìlù àwo kan bá ti òmíràn mu, oníṣẹ́ ọnà ni, eré tó bá sì ṣe lálẹ́ òní kò ní ṣeé tún ṣe bákan náà lọ́la. Ó yẹ kí a gba ìyẹn náà sílẹ̀. Ohun tí a ń bá jà ni kí eré DJ di ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù.

Ẹ wo bí àwọn olórin wa ṣe ń ṣe àwo. Ojú kan àwo jùjú tàbí àpàlà lè gbà tó 20 ìṣẹ́jú, tí orin á máa bọ́ sínú orin láìdánudúró. Olórin fúnra rẹ̀ ló ṣètò ohun tó ṣáájú àti ohun tó kẹ́yìn. Ẹ mú ìtàn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí Ebenezer Obey kọ lórin lọ́dún 1973: bàbá, ọmọ àti ẹran wọn, gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe ni ayé ń bú. Bí DJ bá gé e ní ìṣẹ́jú kẹta, ẹ gbọ́ ìlù, ẹ kò gbọ́ ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni oríkì tí wọ́n gé sí méjì.

Èyí tó kan àwa tí a ń kọ́ nípa ohùn jù lọ ni eré àwo. Kí ìlù méjì lè bára mu, DJ máa ń mú kí àwo kan yára sí i. Bí ó bá fi ìdá 8 nínú 100 kún eré rẹ̀, ohùn olórin á ga sókè ju àlàfo tó wà láàárín bọ́tìnnì dùùrù kan àti èyí tó tẹ̀ lé e lọ. Ẹni tó bá fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wọn ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, ohùn ta ló ń wọ̀n?

Àwọn kan ní fáìlì á tóbi jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. WAV, tí kì í já ohunkóhun dànù, ń gba nǹkan bíi 10MB fún ìṣẹ́jú kan. Àwo kan, tojú tẹ̀yìn, á gba nǹkan bíi 400MB. 50 àwo á wọ inú fláàṣì 32GB. Àwọn mìíràn ní kí a gbé fóònù síwájú sípíkà. Ṣé ohùn jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò náà wà lára orin ni?

Iṣẹ́ náà kò le. Ẹ nu àwo, ẹ fi eré rẹ̀ sí ibi tó yẹ, ẹ fa wáyà láti míksà wọ kọ̀ǹpútà. Ihò máíkì lára laptop kì í sábà gba ohùn ọ̀tún àti òsì pọ̀, nítorí náà ẹ wá ẹ̀rọ USB kékeré tó ń gba méjèèjì. Ọ̀fẹ́ ni Audacity. Ẹ má jẹ́ kí ohùn kan òkè pátápátá, nítorí èyí tó bá ti gé kì í padà. Ẹ gbà á láti ìgbà tí abẹ́rẹ́ balẹ̀ títí tó fi gbéra. Ẹ kọ orúkọ olórin, ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà àwo sílẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn. Lẹ́yìn náà, ẹ fún DJ ní ẹ̀dà tirẹ̀, kó máa fi dárà.

Odòlayé Àrẹ̀mú, àgbà olórin dàdàkúàdà ní Ìlọrin, ti kú láti ọdún 1997. Kò ní padà wá kọ ohun tí ẹnì kan gé dànù. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tó bá ní àwo nílé, tó sì fi ariwo DJ nìkan tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn, kó má bá wa sọ̀rọ̀ ìtọ́jú àṣà mọ́.