Wákàtí Tó Wà Lórí Tíkẹ́ẹ̀tì Kọ́ Ni Wákàtí Ìrìnàjò

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn èèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Àwọn òbí tí ọmọ wọn ń kàwé ní Malaysia pọ̀ nínú wọn, bí ọmọ bá sì fẹ́ yà sí Singapore, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: “Báwo ló ṣe jìnnà tó?” Èyí tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe gbogbo ìdáhùn, mo sì gbà pé ojúṣe ẹni tó ń tà á ni láti sọ ìyókù.

Láti pápákọ̀ òfurufú KLIA, tó ń sin Kuala Lumpur, dé Changi ní Singapore, nǹkan bí 300 kìlómítà ni téèyàn bá wọ̀n ọ́n tààrà. Èkó sí Àbújá ju 500 lọ. Síbẹ̀, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Ìdí ni pé ìgbà tí bàálù bá kúrò níbi tó gúnlẹ̀ sí ni wọ́n ti ń kà á, títí yóò fi dúró pátápátá lọ́hùn-ún. Yíyí lórí ilẹ̀ àti títò kó tó gbéra wà nínú rẹ̀. Lójú òfurufú gan-an láàárín KLIA àti Changi, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 lọ: bàálù ò tíì gòkè pẹ́ tó fi ń sọ̀kalẹ̀. Aago ò sì yí padà. Ọ̀kan náà ni Kuala Lumpur àti Singapore ń lò, ó fi wákàtí méje ṣíwájú tiwa.

Ilẹ̀ ló ń jẹ àkókò. Sepang ni KLIA wà láti 1998 tí wọ́n ti ṣí i, kì í ṣe inú ìlú. Ọkọ̀ ojú irin KLIA Ekspres ń fi ìṣẹ́jú 28 rin 57 kìlómítà láti ibùdókọ̀ KL Sentral ní Kuala Lumpur. Ẹ ka wákàtí méjì tí èrò gbọ́dọ̀ fi ṣíwájú bàálù débẹ̀ mọ́ ọn, àti àyẹ̀wò páásípọ̀ọ̀tù lẹ́ẹ̀mejì, nítorí láti 1965 ni Singapore ti kúrò lára Malaysia. Ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn erékùṣù náà ni Changi fúnra rẹ̀ tún wà. Wákàtí márùn-ún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ nìyẹn. Bọ́ọ̀sì kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ jù ú lọ, bí èrò ò bá dí ojú ọ̀nà Johor, níbi ààlà Malaysia àti Singapore.

Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ti rí ojútùú rẹ̀. Ní December 2016, ìjọba méjèèjì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ọkọ̀ ojú irin ayárabíàṣá tí yóò fi ìṣẹ́jú 90 rin nǹkan bí 350 kìlómítà láti Kuala Lumpur dé Jurong East ní Singapore. Nígbà tí 2020 ń parí lọ, àdéhùn náà fọ́, Malaysia sì san owó ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù 102 dọ́là Singapore. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà bàálù yìí wà lára èyí tí èrò pọ̀ sí jù lọ lágbàáyé láàárín orílẹ̀-èdè méjì. Kí wọ́n padà sídìí iṣẹ́ náà.

Ẹ̀yin òbí, ní báyìí ná, ẹ sọ fún ọmọ yín kó gba físà Singapore kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí ìwé ìgbélùú Malaysia ò lè rọ́pò rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ bàálù àárọ̀ ló máa wọ̀, kó má ṣe bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn ní Singapore ṣáájú ìrọ̀lẹ́.