Iwin kò ba ìgbàgbọ́ Fágúnwà jẹ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹni tó kọ̀wé sí yín láti Ọ̀yọ́ ní àdúrà àti ààwẹ̀ nìkan ni Kristẹni fi ń rí ìtàn àròsọ kọ. Ó mà ṣe o! Ní Ọ̀yọ́ kan náà, ní ilé ẹ̀kọ́ St. Andrew's, ni òǹkọ̀wé D. O. Fágúnwà ti kàwé, tó sì ṣe tíṣà níbẹ̀ títí di 1939. Ọdẹ àti iwin ló kún inú ìwé ìtàn rẹ̀, Ògbójú Ọdẹ. Ilé ìtẹ̀wé CMS, ti ìjọ gan-an, ló sì tẹ̀ ẹ́ ní 1938. Ìtàn Kristẹni tí Bunyan kọ ti wà ní èdè Yorùbá láti 1866, àlọ́ sì wà nílé. Fágúnwà lo méjèèjì. Àwa tí à ń kọ̀wé ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹnu àwọn ìyá ọlọ́jà la ti ń gbọ́ ìtàn ká tó kúnlẹ̀ gbàdúrà. Kí wọ́n má fi ẹ̀sìn gba àlọ́ lọ́wọ́ wa.

Èmi òǹkàwé yín,
Ògbómọ̀ṣọ́